Papa Fẹ́lóṣíìpù Ló Ń Kọ́kọ́ Gbọ́: Ẹ̀sìn àti Ìlera Ọpọlọ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Wa

Bí èsì ìdánwò bá jáde lórí pọ́tà ilé ẹ̀kọ́ lálẹ́, tí ọmọ kan sì rí i pé káríofà mẹ́ta, ìyẹn kọ́ọ̀sì tó gbọ́dọ̀ tún ṣe, ló rọ̀ mọ́ òun lọ́rùn, kì í ṣe ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ló máa sá lọ. Ọ́fíìsì yẹn ti tì láti ìrọ̀lẹ́. Yàrá Papa ló máa lọ.

Ẹni tí kò bá gbé ní yunifásítì wa rí lè rò pé bàbá arúgbó kan là ń sọ. Rárá o. Papa ni ààrẹ fẹ́lóṣíìpù, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni; akẹ́kọ̀ọ́ ni bíi ti ẹni tó wá bá a, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún tàbí méjìlélógún tó wà ní 400 level, tí òun náà lè má tíì san owó họ́sítẹ́ẹ̀lì tán. Mama ni wọ́n ń pe obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn arábìnrin. Lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, nínú MSSN, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1954, Àmíìrì àti Àmíírà ni. Èjìká àwọn ọmọ yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́kọ́ sunkún lé, ó sì máa ń pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó dé etí líkíṣọ̀, nọ́ọ̀sì tàbí òbí. Àríyànjiyàn tí a ń ṣe kiri, pé ṣé àdúrà ni àbí ọsibítù, máa ń fò wọ́n dá. Lójú tèmi, ọ̀dọ̀ wọn gan-an ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹrù tó wà lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò kéré. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ ní March 2020, kò sì tán títí di December. Wọ́n tún daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì 2022, ó di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá kí wọ́n tó padà. Ẹni tó wọlé ní 2018 fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin, 2023 ṣì lè bá a ní kíláàsì. Ní May 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ọkọ̀ wọ́n, gààrì wọ́n, ọ̀pọ̀ yunifásítì sì fi kún owó ilé ẹ̀kọ́ lọ́dún yẹn. Ní ilé, gbogbo ẹbí tó dá owó jọ rán ọmọ lọ ń béèrè pé, "Ìgbà wo gan-an lo máa parí?" Wọn kò bínú, wọ́n kàn ń béèrè ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn a máa wúwo ju èébú lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi hàn pé ní 2021, gbígba ẹ̀mí ara ẹni ló wà ní ipò kẹta nínú ohun tó ń pa àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 29 jákèjádò ayé. Ọjọ́ orí akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn.

Ohun kan tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti wà nínú ìwé ìmọ̀ ìlera ọpọlọ tipẹ́tipẹ́. Dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, tó ṣiṣẹ́ ní ọsibítù àwọn alárùn ọpọlọ ní Arò, Abẹ́òkúta, kọ̀wé ní 1960 nípa àìsàn kan tó ń bá àwọn ọmọ ilé ìwé Nàìjíríà fínra. Ọmọ á ṣí ìwé, kò ní í wọlé. Orí á máa gbóná, nǹkan á máa rìn nínú rẹ̀, ojú á máa ṣe bàìbàì. Àwọn ọmọ náà fúnra wọn ló sọ ọ́ ní "brain fag", pé ọpọlọ ti rẹ̀. Prince rò pé jíjókòó ti ìwé ní òun nìkan, bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe é, ló kọlu ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà láàárín èrò. Àwọn dókítà Nàìjíríà tó dé lẹ́yìn rẹ̀ jiyàn: wọ́n ní ẹ̀rù àti ìbànújẹ́ lásán ló gba inú ara jáde. Ìwé ńlá tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ń lò ní orúkọ náà nínú ní 1994. Nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ ní 2013, wọn kò fún un ní àyè tirẹ̀ mọ́.

Àwọn àgbà wa kò dúró de Prince kí wọ́n tó ní orúkọ fún nǹkan tó jọ ọ́. Ọdẹ orí ni wọ́n ń pè é. (Ọdẹ tó ń ṣọdẹ ẹran o, kì í ṣe ọ̀dẹ̀.) "Nǹkan ń rìn mí nínú agbárí bí èèrà, ó ń hó létí, àyà mi ń já." Bí ọmọ Yorùbá ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀ nìyẹn: á sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ara. Kò ní í sọ fún Papa pé inú òun ti bàjẹ́ láti oṣù mẹ́ta. Á ní orí ń fọ́ òun, òun kì í rí oorun sùn.

Ìṣòro kejì wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn ìrẹ̀wẹ̀sì. Bí dókítà bá ń sọ Yorùbá, ìrẹ̀wẹ̀sì lọ̀rọ̀ tó máa ń mú fún àìsàn tó ń mú èèyàn lọ́sẹ̀ méjì, lóṣù méjì, tí oúnjẹ kò lọ lẹ́nu, tí ohun tó ń dùn mọ́ni tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́. Lórí pẹpẹ ìwàásù ẹ̀wẹ̀, ẹ̀mí ni ìrẹ̀wẹ̀sì, irinṣẹ́ èṣù, ohun tí onígbàgbọ́ gbọ́dọ̀ bá wí kó sì lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà, ilé méjì. Ọmọ tó bá jẹ́wọ́ pé ìrẹ̀wẹ̀sì mú òun lè rò pé òun ń sọ àìsàn, kí etí tó gbọ́ ọ sì gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tó bá ní ẹ̀sìn kò wúlò fún ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ kò dé ibẹ̀ ni. Mo dé ibẹ̀. Ní fẹ́lóṣíìpù tí mo wà, bí o kò bá wá ní ọjọ́ Wẹsidé, ẹnì kan máa kan ilẹ̀kùn rẹ ní ọjọ́ Tọ́sìdé. Ó máa ń súni nígbà mìíràn! Ṣùgbọ́n nínú ilé ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n èèyàn wà, tí líkíṣọ̀ kò mọ orúkọ rẹ, ẹni tó mọ̀ pé o kò wá kì í ṣe nǹkan kékeré. Àwọn tó ń ṣe ọdún tó kẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní FYB, a máa fi ìkòkò, ìwé àti mátírẹ́ẹ̀sì wọn sílẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mọ́sáláṣí ilé ẹ̀kọ́ a máa se oúnjẹ ìṣínu ní oṣù Ramadan, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì jẹ́ pé oúnjẹ gidi kan ṣoṣo tí wọ́n ń jẹ lóòjọ́ nìyẹn. Ìrun márùn-ún ń to ọjọ́ fún ẹni tí ọjọ́ ti dàrú mọ́ lójú: bí kò tilẹ̀ sí nǹkan mìíràn tó máa gbé e dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, àsùbáà á gbé e dìde. Ẹgbẹ́ akọrin fún ọmọ tó ń bẹ̀rù èèyàn ní ibi tó lè dúró sí. Àwọn ọ̀rẹ́ tó wà níbẹ̀ kì í fa kolorádò, oògùn olóró tí wọ́n ń fà bí igbó, èyí sì ti gba ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ohun tó ń ba ọpọlọ jẹ́ ju káríofà lọ.

Yàtọ̀ sí ẹgbẹ́, ìtumọ̀ tún wà níbẹ̀. Kenneth Pargament, onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti wo bí àwọn onígbàgbọ́ ṣe ń lo ẹ̀sìn nígbà ìṣòro. Ohun tó rí ni pé ọ̀nà tí èèyàn ń gbà lò ó ló ń pinnu bóyá ó máa ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó gbà pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú òun nínú ìṣòro náà, pé àwọn ará kò kọ òun, ara rẹ̀ sábà máa ń yá díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó gbà pé Ọlọ́run ń na òun lẹ́gba, pé Ó ti kọ òun sílẹ̀, pé iṣẹ́ èṣù ni gbogbo rẹ̀, ìdààmú rẹ̀ sábà máa ń pọ̀ sí i. Ìwàásù kan náà, nínú gbọ̀ngàn kan náà, lè ti ẹnì kan sí ọ̀nà kìíní, kó sì ti ẹlòmíràn sí ìkejì.

Ìkejì yẹn wọ́pọ̀ láàárín wa. "Ẹ̀ṣẹ̀ wo lo dá?" "Ta ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí nílé yín?" Wòlíì kan á ní ìyá bàbá ni, àfáà kan á ní àlùjànnú ni, ẹlòmíràn á ní ẹgbẹ́ ọ̀run ọmọ náà ló ń dà á láàmú. N kò wá bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìbéèrè kejì yẹn ń ṣe: ọmọ tó nílò ilé jù lọ, ilé ti di ibi tí kò lè padà sí, torí wọ́n ti sọ fún un pé ìyá àgbà tó ń fi owó ránṣẹ́ sí i ló ń pa á.

Ààwẹ̀ àti àìsùn tún ń kọ́? Fún ẹni tí ara rẹ̀ le, wọ́n dára. Fún ẹni tí àìsàn tó ń gbé ọkàn sókè sódò wà lára rẹ̀, àìsùn nìkan tó láti ṣí i sílẹ̀. Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi. Arákùnrin kan nínú wa kò sùn fún òru mẹ́rin ní ọ̀sẹ̀ àdúrà. Ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá, ẹsẹ Bíbélì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi, ó ní Ọlọ́run ti fún òun ní ìlànà tó máa tún Nàìjíríà ṣe. A ń pariwo "Iná!" Inú wa dùn. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló sọ pé, "Ẹ̀yin ará, èyí kì í ṣe ìfòróróyàn o, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù." A bínú sí i. Ọjọ́ méjì sí i la fi ṣòfò. Ẹni tó ń lo lithium, oògùn irú àìsàn yìí, gan-an kò gbọdọ̀ dá ààwẹ̀ gbẹ láìsọ fún dókítà rẹ̀, torí bí omi bá dín kù lára, oògùn náà lè di májèlé. Papa wo ló mọ èyí? Àwọn kan sì ń dá oògùn dúró pátápátá láti fi hàn pé ìgbàgbọ́ wọn tó.

Ìparí ọ̀nà yẹn ni àwọn ilé tí wọ́n ti ń de èèyàn mọ́lẹ̀. Ní November 2019, Human Rights Watch, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, gbé ìròyìn jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti dé ilé 28 ní Nàìjíríà, ti ìjọba, ti Kristẹni, ti Mùsùlùmí àti ti ìṣègùn ìbílẹ̀. Wọ́n bá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ èèyàn, àwọn mìíràn sì ń gbààwẹ̀ tí wọn kò fẹ́. Ní oṣù yẹn kan náà ni àwọn ọlọ́pàá kó èèyàn tó lé ní igba jáde nínú ilé kan ní Ọ̀jọ́ọ̀, Ìbàdàn. Òbí ló mú ọ̀pọ̀ nínú wọn wá síbẹ̀, kò sì jẹ́ pé wọ́n kórìíra ọmọ wọn. A sáà mọ òwe náà: wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Wọ́n sì gbà pé ẹni tó bá ti wọjà kò ṣeé wò mọ́, nítorí náà, wọ́n ń sáré kó má wọjà.

Ó yẹ ká mọ ìdí tí ẹsẹ̀ wa fi ń kọ́kọ́ yà sí ilé àdúrà. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lukúlúkú jà, tí oògùn òyìnbó kò rí nǹkan kan ṣe sí i, àwọn kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ láti máa gbàdúrà fún ìwòsàn. Láti ibẹ̀ àti ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Iléṣà ní 1930 ni ọ̀pọ̀ ìjọ aládùúrà ti ṣẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì kọ oògùn gbogbo, ti òyìnbó àti ti ìbílẹ̀. Kí ni ìjọba fi ń dúró de alárùn ọpọlọ nígbà yẹn? Ilé àwọn wèrè ní Yàbá, tí wọ́n ṣí ní 1907, àti òfin 1916 tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa tì wọ́n mọ́lé. Ẹni tó bá ní láti yan láàárín àhámọ́ àti wòlíì, wòlíì ló máa yàn. Èmi náà ì bá yàn án.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí ọ̀nà kẹta ni Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò ní 1954, kò kó àwọn aláìsàn sí àhámọ́. Ó ní kí wọ́n máa gbé nínú abúlé tó yí ọsibítù ká, pẹ̀lú ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìyàwó, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lójú mọmọ, kí wọ́n sì bá ará abúlé ṣiṣẹ́, kí wọ́n bá wọn jó. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá òun ṣiṣẹ́. Àwọn òyìnbó kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn yẹn ti ń lo asofẹ́yẹjẹ fún wèrè kí òyìnbó tó mọ̀ pé ohun tó ń mú ọkàn rọlẹ̀ wà nínú igi náà àti àwọn ìbátan rẹ̀. Lámbò di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, lẹ́yìn náà ó di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn tó yẹ kó parí ẹ̀kọ́ láìmọ orúkọ rẹ̀, àmọ́ ẹ bi wọ́n léèrè, ẹ ó gbọ́ ìdáhùn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn àti Kùmásí gbé èrò tó jọ ti Lámbò sórí ìwọ̀n láìpẹ́ yìí. Wọ́n mú aláìsàn 307 tí wèrè gidi ń ṣe, tí wọ́n wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn wòlíì. Ní àwọn ilé kan, òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé ń wá bá wòlíì tàbí oníṣègùn náà déédéé: ó ń fún aláìsàn ní oògùn, wọ́n sì jọ ń sọ̀rọ̀ lórí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti ìyà mìíràn. Ní àwọn ilé yòókù, wọ́n fi nǹkan sílẹ̀ bó ṣe wà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn tí wọ́n jọ tọ́jú sàn ju àwọn yòókù lọ. Ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2020. Wòlíì kò fi àdúrà sílẹ̀, nọ́ọ̀sì kò bá a jiyàn lórí ẹ̀mí. Òótọ́ ni pé àìsàn yẹn wúwo ju ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ, ṣùgbọ́n bó bá ṣeé ṣe pẹ̀lú wòlíì tó ti ń de èèyàn mọ́lẹ̀ láti ogún ọdún, kí ló dé tí kò ní í ṣeé ṣe pẹ̀lú Papa ọmọ ọdún méjìlélógún tó ń wá ẹni tó máa tọ́ ọ sọ́nà?

Òfin náà ti ń yí padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́. Ní January 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu Òfin Ìlera Ọpọlọ tuntun, ó rọ́pò òfin àwọn wèrè tí a jogún lọ́wọ́ àwọn amúnisìn. Ó ní aláìsàn ní ẹ̀tọ́, pé kí wọ́n má ṣe dẹ́yẹ sí i nítorí àìsàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn gúúsù ṣì ka ẹni tó gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ sí ọ̀daràn, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ló wà fún un; ní Èkó, òfin tiwọn ní kí ilé ẹjọ́ fi í ránṣẹ́ sí ọsibítù. Ẹ fojú inú wo ẹbí tí ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ikú, tí wọ́n gbọ́ "ẹ̀wọ̀n". Ilé àdúrà ni wọ́n máa gbé e lọ, torí pásítọ̀ kò ní í pe ọlọ́pàá. Dókítà ọpọlọ ní gbogbo Nàìjíríà kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, fún èèyàn tó lé ní 200 mílíọ̀nù, àwọn kan sì ti ń jápa.

Bí Papa bá wá ń béèrè lọ́wọ́ mi, n kò ní í sọ fún un pé kó má gbàdúrà. Màá ní kó ka 1 Àwọn Ọba orí 19. Elijah sá wọ aginjù, ó jókòó lábẹ́ igi juniperi, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tó wá kò bi í pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ló dá. Kò ní kó gbààwẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án, ó gbé àkàrà àti omi kalẹ̀, ó ní dìde, jẹun. Elijah jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì padà wá lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò dé etí rẹ̀ àfi ìgbà tí ara ti mókun. Bó bá jẹ́ Àmíìrì ni, hàdíísì wà nínú àkójọ Abu Dawud: àwọn ará aginjù bi Ànábì bóyá kí àwọn máa wá ìwòsàn, ó ní kí wọ́n máa wá a, nítorí Allāhu kò sọ àrùn kan kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀, àyàfi ọjọ́ ogbó. Rúkíyà, ìyẹn àdúrà ìwòsàn, lè máa lọ, kí wọ́n sì jọ rìn dé ilé ìwòsàn ilé ẹ̀kọ́. Mo ní kí wọ́n jọ rìn o, kì í ṣe kó júwe ọ̀nà fún un. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ti kú kì í dá lọ.

Kó sì béèrè tààrà pé, "Ṣé o ti ń rò ó pé kí o kú?" Ẹ̀rù ìbéèrè yìí máa ń ba àwọn èèyàn, wọ́n rò pé ó máa gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà ọpọlọ ní bíbéèrè máa ń tú ẹni náà lára ni. Bí ìdáhùn bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan lálẹ́ yẹn, kódà bó bá ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Àṣírí yẹn kì í ṣe èyí tí Papa máa dá pa mọ́.

Lọ́dọọdún, bí ọdún ẹ̀kọ́ bá ń parí, fẹ́lóṣíìpù máa ń gbé ipò fún àwọn olórí tuntun. Wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á gba òróró, Papa àtijọ́ á sì fa fáìlì kan lé Papa tuntun lọ́wọ́. Mo ti di irú fáìlì bẹ́ẹ̀ mú rí. Kọ́kọ́rọ́ ibi tí a ń kó ẹ̀rọ sí wà nínú rẹ̀, ìwé báǹkì, orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti nọ́ńbà yàrá wọn, nọ́ńbà fóònù ẹni tí a ti ń yá jẹnẹrétọ̀ àti ti ẹni tó ń gbé àga wá. Nọ́ńbà ilé ìwòsàn ilé ẹ̀kọ́ kò sí níbẹ̀.